Conrad Schlumberger: Ọkùnrin tó fi iná mànàmáná bi ilẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀

Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdó Suitland, ní agbègbè Prince George's níbí, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni àwọn ilé ńláńlá ìjọba àpapọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ka iye ènìyàn Amẹ́ríkà wà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń darí àwọn sátẹ́láìtì tó ń wo ojú ọjọ́ láti òkè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ló mọ ojú ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ owó. Ṣùgbọ́n ní ìlú yìí kan náà, àbàtà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Suitland Bog, níbi tí àwọn ewéko tó ń jẹ kòkòrò ti ń hù. Omi ló ń sun jáde láti ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn ló wà lókè, amọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, omi á wọ inú yanrìn lọ. Tó bá kan amọ̀, kò ní lè kọjá mọ́, á wá gba ẹ̀gbẹ́ jáde.

Ìyẹn rọrùn láti mọ̀, torí omi fúnra rẹ̀ ló jáde wá sọ fún wa. Ohun tó wà ní ọgọ́rùn-ún mítà sísàlẹ̀ ńkọ́? Lábẹ́ Suitland, yanrìn àti amọ̀ tò lé ara wọn bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí, àwọn onímọ̀ sì ti fún wọn lórúkọ: Magothy, Patapsco, Patuxent, títí dé orí àpáta líle. Kò sí ẹni tó wọlẹ̀ lọ wò wọ́n. Kànga ni wọ́n gbẹ́ káàkiri agbègbè yìí. Wọ́n wá fi wáyà sọ irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú àwọn kànga náà, irinṣẹ́ ọ̀hún sì ń ròyìn gbogbo ohun tó bá pàdé. Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n ń gbà wá epo rọ̀bì, bàbà, wúrà àti omi káàkiri ayé.

Ohun tó mú wa wá ìtàn ọ̀nà yìí lọ kò jẹ mọ́ wúrà rárá. Ìdílé kan tí a mọ̀ dáadáa ní Suitland ló kó owó jọ fún ọdún méjì kí wọ́n lè gbẹ́ bóhòlù sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìbàdàn. Ẹni tó gba iṣẹ́ náà ní ojú òun ti mọ ilẹ̀ àdúgbò yẹn, kò yẹ ilẹ̀ wò kó tó gbé ẹ̀rọ dé. Wọ́n gbẹ́ ẹ títí, eruku ló ń jáde. Owó lọ, omi ò sí. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa tó ń kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì gbọ́, ohun tó bèèrè ni bóyá wọ́n ṣe Schlumberger kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Gbogbo wa wo ara wa lójú. A rò pé orúkọ ẹ̀rọ ni. Orúkọ ènìyàn ni.

Ọmọ Guebwiller

Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1878 ni wọ́n bí Conrad Schlumberger ní ìlú Guebwiller, ní agbègbè Alsace. Nígbà yẹn, ọdún méje ti kọjá tí Jámánì ti fi ogun gba Alsace lọ́wọ́ Faransé. Abẹ́ àsíá Jámánì ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Faransé ni wọ́n ka ara wọn sí nínú ilé. Àwa tí wọ́n bí sí Maryland, tí a sì ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà tí a bá wọ inú ilé, a mọ irú ayé bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Ilé olówó ni. Iṣẹ́ òwú àti aṣọ ni wọ́n fi mọ ìdílé náà ní Guebwiller. Paul ni bàbá wọn ń jẹ́. Marguerite de Witt, ìyá wọn, wà lára àwọn obìnrin tó ṣáájú ìjà kí wọ́n lè fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní Faransé. Jean, ẹ̀gbọ́n Conrad, di òǹkọ̀wé. Marcel, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí ní 1884, ni ẹni tí a ó tún máa dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn yìí.

Paris ni Conrad ti kàwé. Ó wọ École Polytechnique ní 1898, ó tún lọ sí École des Mines, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ìwakùsà. Nígbà tó di 1907, ó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ físíìsì ní École des Mines kan náà. Iṣẹ́ tó ní àpọ́nlé ni, owó oṣù sì ń wọlé. Marcel ní tirẹ̀ di ẹnjiníà. Gbogbo àwọn tó sọ ìtàn wọn ló gbà pé Conrad ni onírònú, Marcel sì ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè sọ èrò di ohun èlò. Ní tiwa, a rò pé èyí tí wọ́n máa ń gbójú fò níbẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ara wọn ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìtú ká. Ẹ lọ wo iye ìdílé tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ tí owó bá ti dé àárín.

Ọpọ́n ìwẹ̀ tí yanrìn kún

Ní ìgbà tí Conrad ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé àlùmọ́ọ́nì wà lábẹ́ ilẹ̀? Wọ́n á wo àwọ̀ òkúta, wọ́n á wo ohun tó sun jáde, wọ́n á wá máa gbẹ́lẹ̀. Kò yàtọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1908, iléeṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation tí John Simon Bergheim dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ wá epo ní etí ọ̀sà Lekki àti ní apá ibi tó di ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, torí pé ọ̀dà ń sun jáde fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga tó lé ní mẹ́wàá kí ogun 1914 tó dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀dà tí wọ́n rí lókè ilẹ̀ ló darí wọn. Ohun tó wà láàárín kànga kan sí èkejì, àfi kí wọ́n máa méfò rẹ̀.

Ìbéèrè Conrad ni èyí: ṣé iná mànàmáná kò lè bá wa wo abẹ́ ilẹ̀? Òkúta kì í gba iná kọjá bákan náà. Àpáta gbígbẹ máa ń dènà iná gan-an. Amọ̀ àti omi iyọ̀ máa ń jẹ́ kó kọjá wẹ́rẹ́. Àwọn òkúta tí bàbà pọ̀ nínú wọn máa ń gbé iná bí wáyà ni. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú kan iná àti ilẹ̀. Láti 1830 ni Robert Were Fox ti rí i pé iná kékeré wà nínú àpáta ibi ìwabàbà ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn gbìyànjú lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí i sọ di ọ̀nà tí ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Conrad bẹ̀rẹ̀ láti inú ọpọ́n ìwẹ̀. Ó da yanrìn sí i, ó rán iná gba inú yanrìn náà, ó sì ń wo bí iná ṣe ń rìn. Tí ohun tó wà nínú ọpọ́n bá jẹ́ irú kan náà, iná á tàn ká déédé. Tí a bá ri irin mọ́ inú rẹ̀, ọ̀nà iná á yà, bí omi òjò tó ń ṣàn lójúde ṣe máa ń yà tó bá kan òkúta. Kò sì nílò láti hú yanrìn náà kó tó mọ̀ pé irin wà níbẹ̀. Láti òkè ló ti mọ̀.

Ní 1912, ó gbé iṣẹ́ náà jáde kúrò nínú ọpọ́n lọ sí pápá, ní Val-Richer, ilé ìdílé ìyá rẹ̀ ní Normandy. Ó kan èèkàn irin méjì mọ́lẹ̀, ó rán iná gba àárín wọn, ó wá ń fi èèkàn mìíràn wá gbogbo ibi tí agbára iná ti dọ́gba. Ó fi ìlà so àwọn ibi tó dọ́gba pọ̀ lórí ìwé. Ibi tí ìlà bá ti wọ́, ohun kan wà lábẹ́ ibẹ̀ tó yàtọ̀. Àwòrán yẹn ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ibi ìwakùsà Sain-Bel lẹ́bàá Lyon, ó rí ohun mìíràn. Òkúta àlùmọ́ọ́nì lè dá iná tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ilẹ̀, bí bátìrì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán iná sí i. Ènìyàn lè wá a rí nípa gbígbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ fúnra rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Bor ní Serbia, níbi tí bàbà wà.

Ogun Àgbáyé Kìíní wá bẹ́ sílẹ̀. Conrad di ọ̀gá ọmọ ogun tó ń yin ìbọn ńlá, ọdún mẹ́rin sì lọ bẹ́ẹ̀. Bí èyí ṣe ń lọ lọ́wọ́, ní Washington, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan lọ pẹ̀lú ọkọ̀ láti Suitland, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Frank Wenner, òṣìṣẹ́ Bureau of Standards ti ìjọba Amẹ́ríkà, kọ ìwé jáde ní 1915 lórí bí ènìyàn ṣe lè fi èèkàn mẹ́rin wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná. Títí dòní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ọ̀nà méjèèjì: ti Wenner àti ti Schlumberger. Bí èèkàn ṣe jìnnà síra ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ti Schlumberger, èèkàn méjì ti ìta ló ń rán iná wọlẹ̀, méjì ti inú tó sún mọ́ra ló ń wọn ohun tó padà. Bí wọ́n bá ṣe ń sún ti ìta síwájú sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń rì jìn sí i, tí wọ́n sì ń mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ní ìpele ìpele.

Bàbá tó ní kí ìmọ̀ ṣáájú

Ibí yìí ni a ti dúró pẹ́ jù nígbà tí a ń ka ìtàn rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1919, Paul bàbá wọn bá Conrad àti Marcel kọ ìwé àdéhùn. Ó gbà láti ná tó 500,000 owó fránkì lórí ìwádìí wọn. Àgbà ọlọ́jà ni Paul, ó mọ iye owó. Síbẹ̀, ohun tó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ìmọ̀ ṣáájú, kí èrè máa tẹ̀ lé e, kí wọ́n má sì fọ́n agbára wọn ká sórí iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nídìí tábìlì oúnjẹ rí, tí ọ̀rọ̀ há yín lọ́nà ọ̀fun nítorí ẹ fẹ́ sọ fún bàbá yín pé ẹ ò ní ka ìmọ̀ ìṣègùn mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà.

Owó bàbá sì máa ń wúwo lọ́rùn ọmọ. Kò sí ẹ̀rí nígbà yẹn pé ẹnikẹ́ni máa sanwó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ pé òkúta tí ojú rí ni wọ́n gbàgbọ́ kò ka wáyà àti èèkàn kún. Nígbà tó yá, Conrad fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ pátápátá. Paul kú ní 1926, kò dúró rí èyí tó tóbi jù nínú ohun tí owó rẹ̀ bí.

Ní 1920, Conrad tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe lè fi iná wá ohun abẹ́ ilẹ̀. Ohun méjì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ ìgbà yẹn tí àwọn awakùsà ṣì ń lò lónìí. Èkíní ni pé ó ṣàkíyèsí pé tí wọ́n bá pa iná tí wọ́n rán wọlẹ̀, ilẹ̀ míì kì í jọ̀wọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń di díẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlòmíràn sọ èyí di ọ̀kan pàtàkì nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá bàbà àti wúrà tó fọ́n wẹ́wẹ́ sínú àpáta.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní mise-à-la-masse. Ká ní ẹ gbẹ́ ihò kan, ó sì kan òkúta àlùmọ́ọ́nì. Inú ẹ dùn, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ bóyá òkúta náà tóbi tó ilé tàbí kò ju àga lọ, ẹ ò sì mọ apá ibi tó kọjú sí. Conrad ní kí wọ́n sọ wáyà sínú ihò náà, kó kan òkúta ọ̀hún gan-an, kí wọ́n rán iná sí i. Gbogbo òkúta náà á gba iná, torí pé ohun tó ń gbé iná ni. Kí wọ́n wá máa rìn káàkiri lórí ilẹ̀, kí wọ́n máa wọn ibi tí iná náà ti lágbára. Bí ìgbà tí ẹnì kan fa okùn ìsáṣọ ní ìpẹ̀kun kan ni, gbogbo okùn á mì, ẹ ó sì mọ ibi tó dé. Ihò kan ṣoṣo á fún wọn ní àwòrán gbogbo òkúta náà, láìtún gbẹ́ ogún ihò mìíràn.

Ní 1923, iṣẹ́ wọn ní Aricești ní Romania fi hàn pé ọ̀nà náà lè ran àwọn tó ń wá epo lọ́wọ́. Ní 1926, wọ́n dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Paris, Société de Prospection Électrique.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, 1927

Ní Pechelbronn, ní Alsace tó ti padà sọ́wọ́ Faransé lẹ́yìn ogun, wọ́n ti ń wa epo láti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ìṣòro wọn ni pé tí ẹ̀rọ bá ń gbẹ́ kànga lọ sísàlẹ̀, ẹni tó wà lókè kò mọ ohun tó ń gbẹ́. Ọ̀nà tó wà ni kí wọ́n máa fi irin gígùn gé àpáta ní róbótó, bí ìgbà tí a fi páìpù gé ẹ̀bà láti àárín àwo, kí wọ́n sì fà á jáde wò. Ó ń gba àkókò, ó ń jẹ owó, àpáta náà sì máa ń fọ́ sọ́nà. Wọ́n bi àwọn ará Schlumberger bóyá iná wọn lè ṣiṣẹ́ nínú kànga.

Conrad gbé iṣẹ́ náà fún Henri Doll, ọkọ ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún 25 péré. Doll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì so ọ̀pá báákéláìtì mélòó kan pọ̀. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn, wọ́n so ohun tó wúwo mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè rì. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, wọ́n sọ ọ́ sínú kànga kan ní Diefenbach. Mítà kan, wọ́n dúró. Wọ́n rán iná, wọ́n ka nọ́ńbà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n sún un ní mítà kan sí i, wọ́n tún dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí wọ́n fi ìlà so gbogbo nọ́ńbà náà pọ̀, ìlà kan jáde tó ń lọ sọ́tùn-ún, tó ń bọ̀ sósì: ibi tí amọ̀ wà, ibi tí òkúta líle wà, ibi tí yanrìn wà.

Conrad pe ọ̀nà náà ní carottage électrique, nítorí pé ó gba ipò àpáta róbótó tí wọ́n ń gé jáde. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ gan-an hàn nígbà tí wọ́n ṣe é nínú kànga mìíràn tó wà nítòsí. Irú ìlà kan náà ló tún jáde, àfi pé ó rì sísàlẹ̀ díẹ̀ tàbí ó gòkè díẹ̀. Bí àgbà ṣe lè wo ilà ojú ẹnì kan nílẹ̀ òkèèrè kó sì mọ ilé tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lè dá ìpele òkúta kan mọ̀ láti kànga dé kànga. Ohun tó wà láàárín kànga méjì kò jẹ́ àméfò mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tàn kíá. Nígbà tó fi máa di ìparí 1929, wọ́n ti ṣe é ní Venezuela, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 1931, wọ́n rí i pé iná tí ilẹ̀ ń dá fúnra rẹ̀, èyí tí Conrad ti rí ní Sain-Bel, wà nínú kànga náà, ó sì lè ya yanrìn tí omi tàbí epo lè gbà kọjá sọ́tọ̀ kúrò lára amọ̀. Láti ìgbà yẹn ni ìlà méjì ti ń jáde lórí ìwé kan ṣoṣo. Ní 1934, wọ́n dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní Houston.

Owó kò dúró déédé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé lẹ́yìn 1929, oníbàárà sá. Iṣẹ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà wà lára ohun tó gbé wọn ró. Láti ibẹ̀ ni Conrad ti ń bọ̀ nígbà tí ikú dé bá a lójijì ní Stockholm, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1936. Ọmọ ọdún 57 ni. Marcel àti Doll ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Dominique, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, ni Dominique de Menil tó dá ilé ìkóhun-ọnà-sí Menil Collection sílẹ̀ ní Houston, níbi tí iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà wà títí dòní.

Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa

Ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n kan epo ní Oloibiri, ní 1956. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ ní Pechelbronn di ohun tí wọ́n ń kà nínú àwọn kànga epo Niger Delta. Iléeṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé náà di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù lọ nídìí iṣẹ́ epo ní ayé, kó tó gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí SLB ní 2022. A ò lè kọ ìyẹn ká má rántí omi Ogoni tí epo bàjẹ́. Ọ̀nà tí Conrad rí kì í sọ ẹni tí ohun abẹ́ ilẹ̀ yẹ kó ṣe láǹfààní. Ibi tó wà ló ń sọ. Àdéhùn tí bàbá rẹ̀ bá a ṣe kò sì dé Niger Delta.

Níbí ní Maryland, omi ni wọ́n fi wá jù. Láti inú àwọn kànga tí wọ́n gbẹ́ ní Prince George's àti àwọn agbègbè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ti mọ ibi tí Magothy àti Patapsco gbà kọjá, bí wọ́n ṣe nípọn tó àti bí wọ́n ṣe ń rì lọ sí apá ìlà oòrùn gúúsù. Yàtọ̀ sí iná, wọ́n ń lo irinṣẹ́ tó ń ka ìtànṣán gamma tó ń ti ara òkúta jáde. Amọ̀ máa ń ní i ju yanrìn lọ, nítorí náà amọ̀ kì í lè fara pamọ́.

Nílé, ẹ máa rí èèkàn mẹ́rin rẹ̀ ní ojú títì. Orí àpáta àtijọ́ ni Ìbàdàn, Ifẹ̀, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ wà. Kò sí yanrìn tó nípọn bí ti Suitland lábẹ́ wọn. Ibi tí àpáta ti jẹrà di ilẹ̀ rírọ̀ tàbí ibi tó ti sán nìkan ni omi ń sá sí. Bóhòlù tó wà ní ilé yìí lè ní omi rẹpẹtẹ, kí ti ilé kejì gbẹ bí òkúta. Ìdí nìyí tí ojú kò fi lè mọ ilẹ̀ yẹn, bó ti wù kó pẹ́ tó níbẹ̀. Ní Federal University of Technology tó wà ní Àkúrẹ́, odindi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan wà fún irú iṣẹ́ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń na wáyà kọjá níwájú ilé onílé, tí àwọn ọmọdé ń bi wọ́n bóyá iná NEPA ni wọ́n wá tún ṣe. Kì í ṣe pé ọ̀nà náà kì í kùnà. Amọ̀ tó rọ̀ lè jọ ibi tí omi wà lójú iná, ẹni tó bá sì ka ìlà náà ní ìkánjú lè ṣìnà.

Ìdílé Suitland tí a sọ̀rọ̀ wọn tún owó jọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè, ó na wáyà rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wọn fún ọjọ́ méjì. Ó ní ibi tí wọ́n gbẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, àpáta tí kò sán rárá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó fi àmì sí ibòmíràn, nǹkan bí 30 mítà sí ibẹ̀, níbi tí bàbá ilé náà fẹ́ kọ́ ilé ọkọ̀ sí. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe awuyewuye lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìyá ilé ló borí. Oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ̀rọ máa dé. Tí wọ́n bá kan omi, a máa gbé e jáde níbí.